Ẹni Tó Ń Sun Oorun Henrike

Lọ́dọ̀ wa, wọ́n gbà pé àlá tí èèyàn bá kọ́kọ́ lá nínú ilé tuntun máa ń ṣẹ, bí ó bá ti ka igun yàrá kó tó dijú. Henrike Möbius ka igun yàrá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó kà á yí po, ó gbé orí lé ìrọ̀rí, ó ń retí àlá.

Àlá kò wá, nítorí pé oorun kò wá.

Ó kọ́kọ́ rò pé ayọ̀ ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń wa ọkọ̀ ojú irin ìgboro ní Leipzig, tó sì ń gbé inú yàrá kótópó kan tí ọ̀rinrin ń sun lára ògiri rẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó fi ogún tí bàbá náà fi sílẹ̀ kún owó tí báńkì yá a, ó ra fúláàtì òkè nílé wa. Ìlà-oòrùn ìlú ni ilé wa wà. Nígbà kan, pákó ni wọ́n fi kan fèrèsé àwọn ilé tó wà ní òpópónà wa, ẹyẹlé ló ń gba ilé níbẹ̀. Ní báyìí, kò sí oṣù tí àwọn bíríkìlà kì í gun ara ilé kan. Ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra èédú tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ń mu kọ́fí nínú ife gíláàsì, onígbàjámọ̀ tó wá láti Aleppo sì ti kun iwájú ilé rẹ̀ ní àwọ̀ wúrà. Gbogbo èèyàn ń fẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ rí rí.

Èmi ń gbé ní abẹ́ Henrike gan-an. Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àjà mi: láti yàrá lọ sí ilé ìdáná, láti ilé ìdáná lọ sí ojú fèrèsé, kó tún padà. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ni, kò tíì mọ ibi tí yóò gbé ìjókòó sí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò dúró.

*

Kí Henrike tó ra ilé yẹn, Rosemarie Zschoche ló ń gbé inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé e wọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ibẹ̀ ni Gerhard ọkọ rẹ̀ kú sí, ní yàrá tó kọjú sí àgbàlá. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan láti ìwọ̀-oòrùn ra gbogbo ilé náà, tí wọ́n fẹ́ tún un ṣe, wọ́n ní kí ó kó jáde. Wọ́n fún un ní yàrá kan lẹ́yìn àgbàlá, nísàlẹ̀, níbi tí oòrùn kì í dé láti ìparí Oṣù Kẹsàn-án títí di Oṣù Kẹta. Láti ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fọ́ ilẹ̀ yàrá rẹ̀.

Àwọn ilé àtijọ́ wa, iyẹ̀pẹ̀ àti eérú ni wọ́n dà sí abẹ́ pákó ilẹ̀ wọn. Zschoche gun òkè lọ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ lọ jẹun ọ̀sán, ó bu iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ ibi tí bẹ́ẹ̀dì wọn wà tẹ́lẹ̀ sínú agolo mílíìkì. Nígbà tó gbọ́ pé obìnrin kan ti ra ilé náà, ó gbé e lọ bá Grahl.

Grahl ní ọgbà kékeré kan lẹ́yìn ojú irin, láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgbà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n gé ewé ọgbà gbogbo wọn dọ́gba. Nítorí ápù rẹ̀ ni àwọn kan fi mọ̀ ọ́n. Àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n nítorí pé bí egbò bá yí ẹ̀gbẹ́ èèyàn ká bí bẹ́líìtì iná, tí oògùn dókítà kò ràn án, Grahl á fẹnu sọ̀rọ̀ sí i, egbò á sì gbẹ. Nínú ilé pákó tó wà nínú ọgbà náà, ó gba agolo lọ́wọ́ Zschoche, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin náà?"

"Mi ò fẹ́ kó kú o. Ẹ má fi ikú sí i rárá. Kó ṣáà kó jáde."

"Bí gbogbo wọn ṣe ń sọ nìyẹn." Grahl rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kò sẹ́ni tó máa ń fẹ́ ikú. Àyè ni wọ́n máa ń fẹ́."

"Ṣé ẹ máa ṣe é àbí ẹ ò ní ṣe é?"

"Oorun rẹ̀ la máa gbà. Ilé tí èèyàn ò ti lè sùn, tí kò bá tà á, á sá fún un." Ó mú abẹ́rẹ́, ó ń wá ihò rẹ̀ níwájú iná. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, Rosemarie. Oorun kì í bọ́ sílẹ̀. Tó bá kúrò lójú ẹnìkan, ojú ẹlòmíràn ló ń lọ."

"Kó máa bọ̀ lójú tèmi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé mi jáde ni mi ò ti rí oorun sùn, òrùlé ni mo ń kà."

Grahl rán ìrọ̀rí kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó fi iyẹ̀pẹ̀ náà sí i, ó fi ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ sí i, ó sì fi ohun kan sí i láti inú ìgò tí kò jẹ́ kí Zschoche rí. Ó gbé ìrọ̀rí náà sórí àwo iyọ̀, ó sọ̀rọ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, ó ní kí Zschoche gbé iyọ̀ náà fún ẹni tó kó dé, kí ó sì fi ìrọ̀rí sábẹ́ orí ara rẹ̀.

Iyọ̀ kò ṣòro láti gbé fún un. Ta ni kò mọ̀ pé búrẹ́dì àti iyọ̀ la fi ń kí ẹni tó kó dé ilé tuntun? Bí Henrike ṣe ṣílẹ̀kùn, tó rí arúgbó pẹ̀lú búrẹ́dì nínú aṣọ funfun, ojú rẹ̀ tàn.

"Ẹ ṣeun púpọ̀, Màmá. Ẹ wọlé, ẹ jókòó, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé omi kaná."

"Má ṣèyọnu," ni Zschoche wí. "Mo mọ inú ilé náà."

Henrike bu búrẹ́dì, ó fi kan iyọ̀, ó jẹ ẹ́ níbẹ̀ lójú ìloro gẹ́gẹ́ bí àṣà. Zschoche dúró títí ó fi gbé e mì.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Henrike ka igun yàrá rẹ̀.

*

Nígbà tí a fi máa gbé ìràwọ̀ oníbébà sí ojú fèrèsé fún ìmúra Kérésìmesì, Henrike ti gbẹ. Dókítà fún un ní oògùn oorun. Oògùn náà mú ẹsẹ̀ rẹ̀ sùn, ó mú ahọ́n rẹ̀ sùn, ojú nìkan ló wà lójúfò, bíi fìtílà tí wọ́n gbàgbé láti pa nínú ilé tí gbogbo èèyàn ti kúrò. Sìmẹ́ǹtì tuntun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í là ní ibì kan ṣoṣo, ní ìbú, ní gíga ibi tí orí ẹni tó sùn máa ń wà. Ó ní kí akunlé wá kùn ún. Ó tún là.

Lẹ́nu iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ó máa ń rí wọn ní ibùdókọ̀ kedere, pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́ wọn. Á ṣílẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ tútù á wọlé, kò ní sẹ́nì kankan.

Maik, awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ló fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan ní yàrá ìsinmi.

"Henrike, ta lò ń ṣílẹ̀kùn fún ní ìkóríta lánàá? Mo wà lẹ́yìn rẹ. Kò sí ajá pàápàá níbẹ̀."

"Mo rò pé mo rí èèyàn."

"Ṣé o sùn?"

"Mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Maik kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹ̀yìn kó tó sọ̀rọ̀. "Tí ọ̀gá bá gbọ́, wọ́n á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Tí ọ̀gá ò bá sì gbọ́, o máa pa èèyàn. Wò ó, ìyá mi wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Sorb. Obìnrin kan wà níbẹ̀, Ìyá Nawka ni wọ́n ń pè é. Má bi mí ní ìbéèrè. Ṣáà lọ."

*

Abúlé tí Ìyá Nawka wà, èdè méjì, ti Jámánì àti ti ẹ̀yà Sorb, ni wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Obìnrin náà kúrú, ó wé gèlè dúdú, ó sì ń gé kábéèjì lọ nígbà tí Henrike ń rojọ́. Nígbà tó gé e tán, ó fi ẹ̀mú mú ẹyín iná mẹ́ta nínú sítóòfù, ó jù wọ́n sínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì léfòó. Ẹ̀kẹta rì, kò sì dún ṣìì bí ẹyín iná ṣe máa ń dún nínú omi. Ó kàn rì.

"Oorun rẹ kò sọnù, ọmọ mi," ni ìyá náà wí. "Ẹnì kan ló ń sùn ún."

"Ta ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ lo gbà á wọlé. Á tún padà wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ fúnra rẹ̀." Ó fún un ní ewé tó máa fi fín ilé, ó fún un ní òwú pupa tó máa ta sí ojú ìloro. "Fún ọjọ́ mẹ́ta, ohunkóhun ò gbọdọ̀ jáde láti ọwọ́ rẹ lọ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ní ilé yẹn, ohunkóhun ò sì gbọdọ̀ wọlé. Kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe iyọ̀, kì í ṣe iná ṣáná. Ẹni tó bá wá tọrọ, tàbí tó wá ta ọ́ lọ́rẹ, òun ni."

"Tí mo bá ṣe é bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Oorun á pọ̀ lójú onítọ̀hún ju bó ṣe lè gbé e lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, á sùn, kò ní jí. Tìrẹ á wá padà wálé."

"Ṣé pé á kú, Ìyá?"

"Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀? Mo ní kò ní jí." Ìyá Nawka bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyọ̀ pa kábéèjì rẹ̀. "Èwo lo fẹ́, ọmọ mi? Tìrẹ ni àbí tirẹ̀?"

Nígbà tí Henrike délé, ó ta òwú pupa náà.

*

Ní ẹ̀yìn àgbàlá, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Zschoche sun oorun bí ọmọ ọwọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, a ń yìn ín pé ara rẹ̀ ń dán. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lọ́sàn-án. Ó sùn lórí ìjókòó nílé oníṣẹ́ irun. Ó sùn lórí ọbẹ̀ gbígbóná, ọbẹ̀ náà sì bó o lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó gbìyànjú láti ju ìrọ̀rí náà nù. Ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí, ó wólẹ̀ síbẹ̀, a bá a lórí yìnyín tó ń sùn, ó gbá garawa náà mọ́ra, ìrọ̀rí náà ṣì wà nínú rẹ̀.

Ó bá Grahl níbi tó ti ń fi àpò wé ìdí igi ápù nítorí òtútù.

"Ẹ gbà á kúrò lójú mi."

"Èmi kọ́ ni mo gbé e fún un, ẹ̀yin ni. Ẹ tú ìrọ̀rí náà, kí ẹ fi ohun inú rẹ̀ pa nǹkan kan, ohunkóhun. Kí obìnrin náà gbà á, kó mú un kọjá ìloro rẹ̀." Ó wò ó lójú dáadáa. "Ẹ tètè ṣe é. Ẹnì kan ti ta nǹkan sí ẹnu ọ̀nà yẹn. Ẹ ò ní rí àyè jí lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọ̀la."

*

Mo gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e láti inú ilé mi, nítorí àtẹ̀gùn wa ń gbé ohùn. Zschoche gun òkè wá, ó ń sinmi lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Ó kanlẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, ọmọ. Zschoche. Mo ṣe àkàrà òyìnbó Kérésìmesì, mo bù ú wá fún ẹ. Bọ́tà ló pọ̀ nínú rẹ̀."

"Ẹ ṣeun, Màmá. Mi ò jẹ ẹ́."

"Àwọn tó ń pín ẹrù kiri náà fi ẹrù rẹ sọ́dọ̀ mi. Mo gbé e dání."

"Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín."

"Ọmọ, jọ̀ọ́." Ohùn rẹ̀ ń fà bí ti ẹni tó mutí. "Ó rẹ̀ mí. Ṣí i díẹ̀, kí n ṣáà nawọ́."

"Ó rẹ èmi náà. Ẹ lọ sùn, Màmá. Ẹ̀yin lẹ kúkú ní oorun."

"Ta ló sọ fún ẹ?" ni Zschoche bi í.

"Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi."

Zschoche jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó sọ ọ̀rọ̀ Gerhard fún ilẹ̀kùn náà, ó sọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì wọn wà, ó sọ bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe fi òòlù fọ́ ọ. Ó ní òun kò bínú sí i mọ́, kó gba ilé, kó ṣáà gba oorun rẹ̀ padà. Henrike ti gbọ́ pé bí olè bá rí i pé ilẹ̀ ti mọ́, á di olóòótọ́. Kò ṣílẹ̀kùn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àjà mi, ó lọ sójú fèrèsé, ó padà, ó lọ, ó padà, títí tí Zschoche fi sùn síbẹ̀. Èmi àti ọmọkùnrin Siria tó ń gbé ìsàlẹ̀ la gbé e lọ sí yàrá rẹ̀.

*

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta. Bí Zschoche ṣe jí nígbà yẹn kò yé òun fúnra rẹ̀. Ó ní ìrora ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó bó ló fà á jáde bí ẹni fa ènìyàn lómi. Ó mọ̀ pé tí òun bá tún dijú, ó parí. Ó di ògiri mú, ó ń wo inú yàrá. Kí ló kù tí obìnrin yẹn máa gbà? Kò gba oúnjẹ, kò gba ẹrù ara rẹ̀ pàápàá.

Ojú rẹ̀ bá lọ sára pátákó.

Gbogbo ilé tó wà lọ́dọ̀ wa ló ní irú pátákó bẹ́ẹ̀, tó ní okùn lọ́rùn. Ẹni tí wọ́n bá fi kọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, òun ni ọ̀sẹ̀ yẹn kàn láti gbá àtẹ̀gùn kó sì nù ún. Bó bá ṣe tirẹ̀ tán, á fi kọ́ ilẹ̀kùn ẹni tó kàn. Èèyàn lè má kí aládùúgbò rẹ̀ fún ọdún gbáko, kò burú. Àmọ́ ẹni tó bá fi pátákó sílẹ̀ láìgbà á, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ Zschoche ti parí. Henrike ló kàn.

Ó fi abẹ́rẹ́ tú ìrọ̀rí náà. Ó fi iyẹ̀pẹ̀ pa okùn pátákó. Ó fi ọwọ́ àti eékún gun òkè, ó fi í kọ́ ilẹ̀kùn Henrike.

Henrike ṣílẹ̀kùn láti lọ síbi iṣẹ́. Ó ti mọ̀ pé ẹni tó kanlẹ̀kùn ní láti jẹ́ ọ̀tá, ó sì ti múra sílẹ̀ de ẹ̀bẹ̀, ẹkún àti ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn. Pátákó ló ń mì lára ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ó wo àtẹ̀gùn, ó rí ẹrẹ̀ yìnyín tí bàtà gbogbo wa fi síbẹ̀. Ó tú pátákó náà, ó gbé e wọlé, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá àtẹ̀gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èmi ni mo ní kó kú iṣẹ́. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mi ni." Kò wá sí i lọ́kàn pé òun gba nǹkan kan. Nígbà tó padà wá gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, òwú pupa tó wà lójú ìloro ti já, ó sì ti di funfun.

Kò rí i. Ó ti ń pẹ́ síbi iṣẹ́.

*

Ní yàrá rẹ̀, níbi tó wọ́ padà sí, Zschoche la ojú. Ojú náà là pátápátá, bí fèrèsé tí wọ́n yọ gíláàsì rẹ̀. Kò sí oorun kankan nínú orí rẹ̀ mọ́, ìbáà ṣe èyí tó jí gbé tàbí èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́, ó fẹ́ kọrin. Ó jáde sí àgbàlá, ó bá mi níbi tí mo ti ń kó eérú dànù.

"Möbius dà?"

"Ó ti lọ wakọ̀."

Ó wò mí. Mi ò rí ojú tó dà bẹ́ẹ̀ rí. Oorun gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, oorun èèyàn méjì, ni ó ti kó lé obìnrin náà lórí, obìnrin náà sì ti jókòó sí ìdí ọkọ̀. Ó sáré jáde pẹ̀lú sálúbàtà, láìwọ kóòtù. Mo tẹ̀ lé e.

Henrike ti kọjá ìkóríta nígbà náà. Ó ní oorun náà bẹ̀rẹ̀ láti ìka ẹsẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí mílíìkì gbígbóná tó ń kún inú ife. Ó dùn débi pé kò rántí láti bẹ̀rù. Irin ìtẹ̀ kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ tó gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ léraléra. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á dúró fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ náà láti ọjọ́ pípẹ́, kò nílò orí mọ́. Orí sùn. Ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ kọjá ibùdókọ̀ kan láìdúró, àwọn èrò gbé ojú kúrò lára fóònù wọn. Ó kọjá èkejì, ó ń sáré sísàlẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti tẹ̀, sí ọ̀nà ilé wa, sí ibi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń sọdá.

Zschoche dúró láàárín irin méjèèjì. Ó na apá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí ẹni tó ń dí ilẹ̀kùn. Mo pè é. Kò wẹ̀yìn. Mo rí orí Henrike lẹ́yìn gíláàsì, ó ti tẹ̀ sí àyà.

Ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ ló rí arúgbó onísálúbàtà náà níwájú, ó sì fa irin pupa tó ń dá ọkọ̀ dúró. Ọkọ̀ ké, ó ta iná lábẹ́, ó ń yọ̀ bọ̀. Nígbà tó dúró, kóòtù ni èèyàn lè fi sáàárín irin rẹ̀ àti àyà Zschoche, kóòtù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Zschoche wọlé, ó ti àwọn èrò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọ yàrá awakọ̀. Ẹsẹ̀ Henrike ṣì ń tẹ irin náà. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ náà kúrò lórí irin, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú títí tí ó fi dákẹ́.

"Ẹ jí i, kó máa wakọ̀," ni ẹnì kan wí. "Màmá, a ti pẹ́ o."

"Ẹ fẹsẹ̀ rìn," ni Zschoche wí. "Ó ń sùn."

Henrike sùn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi ṣú, nílé rẹ̀, níbi tí a gbé e sí. Nígbà tó jí, ó ní òun lá àlá. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹ̀yìn àgbàlá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Zschoche, ó ní, "Màmá, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ilé mi kan. Nígbà tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ lọ jókòó ní yàrá yín."

Zschoche gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ó máa ń lọ. Bí mo bá wà nílé lọ́sàn-án, mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àjà mi: láti yàrá lọ sí ilé ìdáná, láti ilé ìdáná lọ sí ojú fèrèsé. Kò tíì sùn láti òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Grahl ní kò sí oorun kankan mọ́ tó jẹ́ tirẹ̀, àfi èyí tó kẹ́yìn, ìyẹn sì ń bọ̀ tó bá yá.